Ta Ló Kun Bọ́tìnì Rẹ?

"Mo lá àlá kan lọ́sàn-án òní, kò sì sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún àfi ìwọ. Mùfú, gbọ́ mi o."

Ohun tí Tísà Ọ̀ṣúnkọ́yà kọ́kọ́ sọ nìyẹn nígbà tó wọ pálọ̀ Mùfútáù Káṣìmááwò ní Ìjẹ̀bú-Òde. Kò tilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni. Ó há pákó fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé mọ́ abíyá, ó sì gbé páálí bàtà méjì lé ara wọn ní ọwọ́ kejì, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án rèé tí kò ti fẹsẹ̀ tẹ ilé náà. Ìyá Rìsí, ìyàwó Mùfútáù, ń tún wáyà tẹlifíṣàn ṣe lọ́wọ́ kí bọ́ọ̀lù agogo márùn-ún tó bẹ̀rẹ̀. Ó nàró, ó ń wo àlejò náà, kò mọ̀ bóyá kóun kí i káàbọ̀ ni tàbí kóun bi í pé ibo ló sá lọ láti ọjọ́ yìí. Mùfútáù alára jókòó sórí àga onítìmùtìmù, apá ọ̀tún rẹ̀ wà lórí itan bí ohun tí ẹlòmíràn gbàgbé síbẹ̀. Ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ó mi orí díẹ̀, pé kó máa sọ ọ́.

Kí n tó ro àlá náà fún yín bí Tísà ṣe rò ó, ó yẹ kí ẹ mọ irú èèyàn tí àwọn méjèèjì jẹ́.

Tísà Ọ̀ṣúnkọ́yà kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ayé àtijọ́ nílé ìwé girama fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Òyìnbó kan tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ nígbà kan ń padà sílùú rẹ̀, ó sì fi àpótí kan sílẹ̀ fún un. Ọmọ ogun òjé ló kún inú rẹ̀, wọn ò ju ìka ọwọ́ lọ: Faransé, Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn ẹlẹ́ṣin, irú àwọn tó jagun láyé Nàpólíọ̀nù. Ìwé òfin eré náà wà nínú àpótí, bí wọ́n ṣe ń fi rúlà wọn ìrìn àwọn ọmọ ogun, bí wọ́n ṣe ń da dáìsì láti mọ ẹni tó ṣubú. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀dà lára ẹyọ kan nínú wọn. Eérú ni gbogbo wọn rí.

Tísà di mélòó kan sínú háńkáṣíìfù, ó gbé e lọ bá Mùfútáù, tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì, tó ń kọ ọ̀rọ̀ àti àwòrán sára ọkọ̀ akẹ́rù. Wọn ò tíì mọ ara wọn rí nígbà yẹn. Mùfútáù gbé ọmọ ogun kan sójú oòrùn.

"Bọ́tìnì mélòó ló ní?" ló bi í.

"Mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu nítorí bọ́tìnì. Kò sẹ́ni tó máa rí i."

"Màá kun mẹ́wẹ̀ẹ̀wá," ni Mùfútáù wí.

Ọdún méjì gbáko ló fi kùn wọ́n, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tó ṣẹ́ ku irun mẹ́ta. Ibi tó ti ń kùn wọ́n ló ti mọ òfin eré náà, bí wọ́n sì ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn. Fún ọdún mọ́kàndínlógún, gbogbo ọ̀sán Sátidé ni wọ́n fi ń jagun lórí pákó aláwọ̀ ewé yẹn. Ohun kan ṣoṣo ni Mùfútáù bẹ̀bẹ̀ fún: lọ́jọ́ tí ikọ̀ orílẹ̀-èdè wa bá ń gbá bọ́ọ̀lù, kí ogun dúró. Tísà ò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀. Kò pẹ́ tó fi di pé ó mọ agbábọ́ọ̀lù tí orúnkún ń dùn, ó sì ń gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀.

Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Mùfútáù. Ọwọ́ ọ̀tún kú, ẹnu wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀rọ̀ ń jáde bí oúnjẹ tí wọn ò jẹ kúnná. Tísà lọ kí i lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbé ẹlẹ́ṣin kan lé e lọ́wọ́, kó fi dá a lára yá. Ẹlẹ́ṣin náà já bọ́. Mùfútáù wo ọwọ́ tó kun gbogbo bọ́tìnì yẹn, omi sì ń ṣàn lójú rẹ̀ láìsí ariwo. Tísà dìde, ó ní òun ń bọ̀ lọ́la. Kò padà wá. Ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀ pé ọ̀la ni, títí tó fi di ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó jẹ ìkọ́kọrẹ́ yó, ó dùbúlẹ̀ sórí àga gbọọrọ nílé rẹ̀, rédíò ń sọ̀rọ̀ nípa bọ́ọ̀lù ìrọ̀lẹ́. Oorun sì gbé e lọ.

Nínú àlá náà, ó bá ara rẹ̀ lórí pápá kan. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé Wọ́tálù ni, níbi tí wọ́n ti ṣẹ́gun Nàpólíọ̀nù, ó sì mọ̀ pé pápá ìṣeré orílẹ̀-èdè wa náà ni. Kò rí ohun tó ta kora nínú ìyẹn. Ọ̀dà tútù ni koríko ibẹ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Tísà alára ò ga ju ìka lọ, ó sì wọ kóòtù búlúù oníbọ́tìnì mẹ́wàá.

"Ó bá mi mu," ló wí fún ara rẹ̀, ó sì ń rìn lọ.

Àwọn agbábọ́ọ̀lù wa ti tò ní ìlà mẹ́ta, nínú aṣọ ewé àti funfun, ìbọn wà léjìká wọn, ọ̀bẹ sì wà lẹ́nu ìbọn. Níwájú wọn ni ikọ̀ Faransé wà pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́ṣin. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wa gun ẹṣin kan, ó kọjú sí ìrù rẹ̀, ó ń jẹ àgbàdo sísun.

"Tísà, ẹ ti pẹ́ jù," ló wí. "Ẹ̀yin ni nọ́ńbà méje."

"Ẹ má bínú. Kíláàsì ni mo wà."

"Bàtà yín ńkọ́?"

Tísà wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàtà ọ̀tún wà níbẹ̀. Tòsì ti lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá, ó kẹ̀yìn sí wọn.

"Èmi ò gbá," ni bàtà náà wí. "Ìgbà tí a jọ jáde gbẹ̀yìn, inú omi lẹ tẹ̀ mí bọ̀."

"Òótọ́ ni," ni Tísà dáhùn. "Jókòó, kí ara tù ọ́."

Rẹfirí súfèé. Bọ́ọ̀lù ò kúrò lójú kan.

"Ẹ dúró ná," ni bọ́ọ̀lù wí. "Ta ló sọ fún yín pé bọ́ọ̀lù ni mí? Ọta àgbá ni mí."

"Ṣùgbọ́n atẹ́gùn ló wà nínú rẹ," ni rẹfirí wí.

"Atẹ́gùn wà nínú ẹ̀yin náà, ṣé bọ́ọ̀lù ni yín? Ẹ rán ẹnì kan lọ sí ọ́fíìsì. Kí wọ́n kọ ohun tí mo jẹ́ sínú ìwé, kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lù ú. Èyí tí wọ́n bá kọ ni màá jẹ́."

Gbogbo ọmọ ogun gbà pé ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání. Wọ́n jókòó. Àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í di irun ìrù ẹṣin wọn. Nítorí pé Tísà nìkan ló mọ̀wé nínú wọn, òun ni wọ́n rán.

Ọ́fíìsì náà léfòó lókè pápá bí ìkùukùu, wọ́n fi okùn so ó mọ́ òpó ilé góòlù kó má baà fẹ́ lọ sílùú onílùú. Tísà gun okùn náà. Nígbà tó dé ìdajì, ó bá obìnrin kan tó ń sá aṣọ sórí rẹ̀.

"Ẹ rọra o, bẹ́ẹ̀dìṣíìtì mi ò tíì gbẹ," ni obìnrin náà wí.

"Ẹ kú iṣẹ́ mà," ni Tísà wí, ó sì gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Àkọlé tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni pé: ÀJỌ BỌ́Ọ̀LÙ ÀTI OGUN KÉKERÉ. Èèyàn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, Ọ̀gá Àgbà, akọ̀wé rẹ̀, àti mẹ́sẹ́ńjà. Àwọn lékeléke ń fò kọjá lójú fèrèsé, wọ́n ń ju lẹ́tà sílé. Tísà ṣàlàyé ọ̀ràn bọ́ọ̀lù.

"Ìyẹn ò ṣòro," ni Ọ̀gá Àgbà wí. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé bọ́ọ̀lù ni. "Ìwé tìrẹ gan-an ni kò pé. Ìwé ìdúpẹ́ rẹ dà?"

"Ìwé wo nìyẹn, sà?"

"Kò sẹ́ni tó ń wọ pápá láìjẹ́ pé ó ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbé e débẹ̀."

"Kò sẹ́ni tó gbé mi débẹ̀, sà. Mo sùn ni."

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀: Ó sùn ni. Lẹ́yìn náà ó na fọ́ọ̀mù kan sí i. Fọ́ọ̀mù náà gùn débi pé ìdí rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀: TA LÓ KUN BỌ́TÌNÌ RẸ?

Tísà tẹ orí ba, ó wo àyà ara rẹ̀. Bọ́tìnì mẹ́wàá, ìyeyè tó mọ́ roro, àmì funfun bíńtín kan sì wà lórí ìkọ̀ọ̀kan. Ó rántí ọjọ́ tó bi Mùfútáù léèrè ní ṣọ́ọ̀bù pé kí ni funfun yẹn wà fún, nígbà tí kò sí nínú ìwé. Mùfútáù ò gbójú sókè. Ó ní, "Kí oòrùn lè rí ibi bà lé."

Tísà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ. Kò tíì kọ ju lẹ́tà mẹ́ta lọ tí Ọ̀gá Àgbà fi na ọrùn wá, tó gé etí fọ́ọ̀mù náà jẹ.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò tíì kọ ọ́ tán."

"Mò ń yẹ̀ ẹ́ wò ni," ni Ọ̀gá Àgbà wí, ó ń jẹ ẹnu wúyẹ́wúyẹ́.

Irùngbọ̀n hù lágbọ̀n rẹ̀. Ìwo méjì ti fìlà rẹ̀ sókè. Kò pẹ́, òbúkọ pupa kan ló jókòó sẹ́yìn tábìlì, ó de táì. Akọ̀wé dúró kí ọ̀gá rẹ̀ kọ́kọ́ di ewúrẹ́ tán bó ṣe yẹ, lẹ́yìn náà ló tó di tirẹ̀. Ní ti mẹ́sẹ́ńjà, nítorí pé wọn ò tíì fi ọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ rẹ̀, irùngbọ̀n nìkan ló hù.

"Ẹ kú oríire ìgbéga," ni Tísà wí fún wọn.

Níbi tí Tísà sọ ọ̀rọ̀ dé yìí, Ìyá Rìsí ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di wáyà tẹlifíṣàn mú. "Ẹ̀yin Tísà! Òbúkọ tó de táì?"

"Táì aláwọ̀ ilẹ̀, Ìyá Rìsí. Ó bá irun rẹ̀ mu."

Ẹ̀gbẹ́ òsì ẹnu Mùfútáù lọ sókè díẹ̀. Tísà rí i, ó sì tẹ̀síwájú kíákíá.

Ó ní òbúkọ náà fi pátákò lu òǹtẹ̀ lórí ìwọ̀nba tó kù nínú fọ́ọ̀mù. Ìyókù ti wọnú ikùn rẹ̀. Mẹ́sẹ́ńjà ló wá túmọ̀ ohun tó ń ké.

"Wọ́n ní ìwé ti tán," ló wí. "Èyí tó kù, ẹ lọ fẹnu sọ ọ́."

Tísà dúpẹ́, ó gba ojú fèrèsé jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì balẹ̀ sínú ṣọ́ọ̀bù Mùfútáù lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Ọkọ̀ akẹ́rù kan wà níbẹ̀ tó ń sunkún pé àwòrán kìnnìún tó wà lẹ́yìn òun ń já òun jẹ. Tísà pàrọwà fún un. Lórí pẹpẹ, àwọn ọmọ ogun òjé tò, wọ́n ń retí ọ̀dà. Ẹni tó gbé àsíá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Igi ni apá rẹ̀ ọ̀tún.

"Ṣé ẹ mọ̀ mí, Tísà?"

"Mo mọ̀ ọ́. Ìwọ lo já bọ́ lórí tábìlì lọ́jọ́ tí ikọ̀ wa jẹ góòlù nígbà tí àkókò ti fẹ́ẹ́ tán, tí Mùfú fò sókè."

"Apá mi wọ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, wọn ò rí i mọ́. Ẹ̀yin ní kí wọ́n sọ mí nù."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́."

"Ó mú mi lọ sílé. Ó gé orí igi ìṣáná kúrò, ó fá a títí tó fi rí bí apá, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi léjìká. Ó fi ìka méjì dì mí mú títí gọ́ọ̀mù fi gbẹ, oúnjẹ rẹ̀ ń tutù. Nígbà tó dá mi padà fún yín, kí lẹ sọ?"

Tísà ronú. "Mo ní kó gbé e sí ìlà kejì."

"Ẹ ò dúpẹ́?"

"Mo rò pé ó mọ̀."

Ọmọ ogun náà yí sí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ó ní òun rò pé ó mọ̀." Ẹni yẹn sọ ọ́ fún ẹni tó tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ náà ń lọ láti ẹnu dé ẹnu, láti ìlà dé ìlà, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́ṣin, àwọn ẹlẹ́ṣin sì sọ ọ́ fún ẹṣin wọn. Ó rò pé ó mọ̀. Ó rò pé ó mọ̀. Ẹnikẹ́ni ò bú u. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù.

"Apá tó ṣe apá fún mi, ara rẹ̀ ò yá báyìí," ni ẹni tó gbé àsíá wí. "Ṣé òun náà, kí wọ́n sọ ọ́ nù?"

Níbi tí Tísà sọ̀rọ̀ dé nínú pálọ̀ nìyí. Ó yọ díńgí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. Ìyá Rìsí ti jáwọ́ nínú ẹ̀rín. Lórí tẹlifíṣàn, wọ́n ń kọ orin orílẹ̀-èdè, ohùn rẹ̀ ò ròkè.

"Mi ò dá a lóhùn," ni Tísà wí nígbà tó yá. "Ṣọ́ọ̀bù náà tún di pápá."

Wọ́n ti gbá a dé òpin. Ọ̀mì ọ̀kan sí ọ̀kan ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rántí ẹni tó jẹ ẹ́. Dáìsì ń rọ̀ bí òjò, àwọn ọmọ ogun ṣí agboorùn. Ẹlẹ́ṣin wa kan gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lọ bí ìjì, àwọn Faransé fà á lulẹ̀ lẹ́nu ilé, rẹfirí sì súfèé pé pẹnáritì ni. Àwọn Faransé ní ẹṣin náà wà ní ọ́fúsáìdì. Rẹfirí wò ó dáadáa, ó ní, "Ẹṣin kọ́. Ìrù rẹ̀ ni." Ó fi káàdì ìyeyè han ìrù náà. Pẹnáritì sì dúró.

"Nọ́ńbà méje!" ni akọ́nimọ̀ọ́gbá pè.

Bọ́ọ̀lù ti wà lójú àmì, òǹtẹ̀ wà níwájú orí rẹ̀. "Wọ́n ní bọ́ọ̀lù ni mí," ló wí. "Mo ti gbà fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ta mí jẹ́jẹ́."

Tísà sún sẹ́yìn kó tó sáré wá. Ó gbójú sókè wo aṣọ́lé.

Mùfútáù ni. Ó jókòó sórí àga onítìmùtìmù láàárín òpó méjèèjì, ó tóbi bí òkè, apá ọ̀tún rẹ̀ wà lórí itan.

Tísà mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni kóun ta á sí, kò ní í lè mú un. Ó mọ̀ pé orílẹ̀-èdè wa ń retí òun. Ó tẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé bọ́ọ̀lù náà nílẹ̀, ó há a mọ́ abíyá.

"Níbo là ń lọ?" ni bọ́ọ̀lù bi í.

"À ń lọ parí ìwé kan."

Ó rìn lọ sẹ́nu ilé góòlù. Ìrìn náà jìn púpọ̀ fún ẹni tí kò ju ìka lọ. Àwọn ọmọ ogun ìhà méjèèjì là sọ́tùn-ún sósì fún un, àwọn Faransé ṣí fìlà. Nígbà tó dé ẹsẹ̀ àga, ó pariwo orúkọ Mùfútáù, ṣùgbọ́n etí ẹni náà ga jù. Ló bá fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó gun ṣòkòtò, ó gun orúnkún, ó dé orí ọwọ́ ọ̀tún náà. Ó ti rò pé yóò tutù. Ó gbóná bí ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Nínú ìlà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó bá ọ̀dà gbogbo ọdún yẹn tó gbẹ síbẹ̀, búlúù, pupa, ìyeyè, funfun. Ó dúró sáàárín wọn.

"Mùfú, o ṣeun!"

Ó tún un sọ, títí ọ̀fun rẹ̀ fi ń dùn ún. Ó dà bí ẹni pé ìka kékeré mì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò dá a lójú. Ló bá jí.

Pálọ̀ ilé rẹ̀ ló wà. Rédíò ṣì ń sọ̀rọ̀. Òbúkọ àwọn ará ẹ̀yìnkùlé ti wọlé láti ibi ìlẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, ó dúró tì í, ó ń jẹ ìwé ìròyìn tí wọ́n kọ àkókò bọ́ọ̀lù ìrọ̀lẹ́ sí. Tísà dìde jókòó, ó de bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà," ló wí fún un. "Mò ń lọ fẹnu sọ ọ́ báyìí."

Nígbà tí òbúkọ náà jáde lójú rẹ̀ tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé òun ò sí lójú oorun mọ́. Kò dúró wá kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ó gbé pákó, ó gbé páálí méjèèjì, ó fẹsẹ̀ rìn ín.

"Bó ṣe jẹ́ nìyẹn," ni Tísà wí. Ó ṣì wà lórí ìdúró, ẹrù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ohun tí mo wá sọ ni pé o ṣeun, Mùfú. O ṣeun bọ́tìnì. Apá igi ìṣáná tó o ṣe yẹn, n kò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà, o ṣeun. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, tí ilé dá páropáro, tó ò jẹ́ kí Sátidé kan lọ láìwá, mo máa ń ṣe bí ẹni pé ogun ni mò ń dúró dè. Ìwọ ni mò ń dúró dè."

Mùfútáù ya ẹnu. Ọ̀rọ̀ ò tètè jáde. Ìyá Rìsí fẹ́ bá a sọ ọ́, ọkọ rẹ̀ fi ojú dá a lẹ́kun.

"Ọ̀sẹ̀... mẹ́sàn-án," ló wí.

"Mẹ́sàn-án ni. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ẹ̀rù..." Ó mí kanlẹ̀. "Ó ba èmi náà."

Wọ́n wo ara wọn. Lẹ́yìn náà Mùfútáù fi ọwọ́ òsì lu apá àga. "Tò wọ́n."

Ìyá Rìsí gba páálí lọ́wọ́ Tísà. Òun náà kúnlẹ̀ ti pákó, ó ń bá a yọ wọ́n jáde lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù, àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì kì í jẹ́ kí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì kọjú síra wọn. Tẹlifíṣàn ni wọ́n ń kọjú gbogbo wọn sí, àwọn ẹlẹ́ṣin lẹ́yìn, àwọn tó kúrú níwájú. Ọwọ́ òsì ni Mùfútáù fi gbé ẹni tó kẹ́yìn kalẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dúró. Ó sì dúró.

Ikọ̀ wa ò borí lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn. Òdo sí òdo ni wọ́n gbá a dé àádọ́rin ìṣẹ́jú, Tísà ń ṣàròyé, Ìyá Rìsí ń fún ọkọ rẹ̀ lómi mu. Bí ẹnì kan ṣe gbá a sẹ́nu ilé láti apá òsì nìyẹn, ẹlòmíràn fi orí kàn án, àwọ̀n sì mì.

"Góòlù!"

Ohùn náà kún gbogbo ilé. Kò wọ́, kò já, ó jáde odidi. Ìyá Rìsí wo Tísà, Tísà náà wò ó, àwọn méjèèjì wá yíjú sí àga onítìmùtìmù. Mùfútáù alára la ẹnu sílẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì kan ètè rẹ̀, bí ẹni tó ń wò ó bóyá òun ló sọ̀rọ̀.

Kò sẹ́ni tó ń wo tẹlifíṣàn mọ́. Ìgbà tí Tísà máa fi bojú wẹ̀yìn, igbákejì rẹfirí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ti gbé àsíá sókè, wọ́n ti fagi lé góòlù náà.

"Wọ́n ní ọ́fúsáìdì ni," ló wí jẹ́jẹ́.

Ìyá Rìsí fi etí ìró rẹ̀ nu ojú. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n fagi lé e lọ́hùn-ún," ló wí. "Ní ilé tiwa níbí, ó ti wọlé."